Ìdíkọ̀ Kékeré Létí Ojú Irin, àti Ẹni Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ rélùwéè ṣe gún régé tó ní ilẹ̀ kan, kí ó má ṣe tètè lọ sí ìdíkọ̀ ńlá tí ó wà ní olú-ìlú, níbi tí àwọn ìjòyè ti ń gé ríbọ́ọ̀nù tí àwọn oníròyìn sì ń ya fọ́tò. Èyí tí ó kéré jù lọ ni kí ó lọ wò, èyí tí ọkọ̀ ń dúró sí fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, tí èrò mẹ́ta ń sọ̀ tí ẹni méjì sì ń wọlé, tí igbó yí ká lọ́tùn-ún lósì, tí kò sì sí ilé kan nítòsí tí ènìyàn lè yà sí bí òjò bá ká a mọ́. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i bóyá ẹnikẹ́ni ro ti èrò tí ó dá dúró, tàbí irin nìkan ni a tò sílẹ̀, tí a sì fi àwọn ènìyàn lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Láti ìlú Ìbíní ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, Ìbíní ilé ọba, Ìbíní ọmọ alágbẹ̀dẹ idẹ, ìlú tí yàrà jíjìn yí ká, ibi tí Ọ̀rànmíyàn ti bí Ẹwẹ́ká gẹ́gẹ́ bí ìtàn àwọn baba wa ti wí, tí okùn ìbátan sì fi so ó mọ́ Ilé-Ifẹ̀ títí di òní. Gbogbo ohun tí a fi ń mọ ìlú ńlá ni ó wà níbẹ̀, ààfin, ọjà, yunifásítì, ilé-ìwòsàn àti pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí òyìnbó ti mú rélùwéè dé ilẹ̀ wa, fèrè rẹ̀ kò tíì dún láàrin odi Ìbíní rí. Kì í ṣe pé ojú irin jìnnà sí wa títí. Ní apá ìlà-oòrùn wa, ní ilẹ̀ àwọn Esan àti ní Igbanke, àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké wà létí irin. Àwọn ni ó mú mi gbé kálàmù, àwọn àti iṣẹ́ tí irú ìdíkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kà sí iṣẹ́, nítorí pé a kì í fojú rí i àyàfi ní ọjọ́ tí ó bá bàjẹ́.

Ní ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Èkó lọ sí òkè. Ní oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ ní ọ̀nà Abẹ́òkúta, ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Ìbíní, tí wọ́n kó ère idẹ àti eyín erin ààfin lọ, tí iná jó ìlú náà, tí wọ́n sì mú Ọba Ovonramwen lọ sí Calabar, níbi tí ó wà títí ó fi wàjà ní ọdún 1914. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn. Irin dé Jẹ́bà ní 1909. Nígbà tí yóò sì fi di 1912, ọkọ̀ ti ń lọ tààrà láti etí òkun dé Kánò. Irin mìíràn tún gbéra ní Port Harcourt, ó sì dé Enugu ní 1916 nítorí èédú. Ìbíní bọ́ sí àárín ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tí ó yà sí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro í mọ̀. Òyìnbó kò to irin nítorí àtiṣe ìlú lóore. Ibi tí ọjà rẹ̀ bá wà ni irin rẹ̀ ń lọ, bí kòkó, bí ẹ̀pà, bí òwú, bí tíìnì Jọs àti èédú Enugu. Ọjà Ìbíní ni igi gẹdú àti rọ́bà, odò sì ti ń bá a ru igi náà láìgba owó, nítorí pé wọ́n á so àwọn ìtì igi pọ̀ lórí omi, omi á sì gbé wọn dé Sapele. Níbi tí odò bá ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́, ta ni yóò náwó sórí irin?

Síbẹ̀, ilẹ̀ tí irin kò yà sí yìí ni ó bí ẹni tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kò lè gbàgbé. Michael Imoudu, ọmọ Ora ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó òní, ni ó di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Èkó. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì rí i pé ohùn rẹ̀ ń ru àwọn ènìyàn sókè nítorí owó iṣẹ́ tí kò tó gbọ́ bùkátà lásìkò ogun Hitler, wọ́n mú un ní 1943, wọ́n sì há a mọ́ Auchi títí di 1945, ọdún náà gan-an tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá bẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn tí a ń san owó ojúmọ́ fún, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìtàn kankan, ni ó jà fún. Nínú iṣẹ́ rélùwéè, ọwọ́ irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ọ̀gbọ̀n àti ọgọ́rùn-ún èrò máa ń wà, bí mo ti ń bọ̀ wá fi hàn.

Ojú irin kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ìdíkọ̀ kan sí èkejì ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀nà àtijọ́ wọ̀nyí. Ọkọ̀ tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀, orí irin kan náà ni wọ́n ń gbà. Ọkọ̀ ojú irin kò sì dà bí mọ́tò tí awakọ̀ lè yà fún ẹlòmíràn. Bí ó bá ti rí ọkọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lókèèrè, ó ti pẹ́ jù, nítorí ẹrù tí ó fà lẹ́yìn kò ní jẹ́ kí ó dúró lójijì. Ta ni ó wá ń dá wọn dúró kí wọ́n má baà forí gbárí? Kì í ṣe awakọ̀. Àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké méjì tí ó wà ní orí àti ìdí ọ̀nà náà ni, bí Làlúpọn, bí Ìwó, bí Ẹdẹ, tí ẹni tí ń lọ sí Kánò kò tilẹ̀ jí lójú oorun láti wò.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é láyé àtijọ́ nìyí. Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá ìdíkọ̀ ni ẹ̀rọ kan wà, wáyà ni ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ ìkejì rẹ̀ tí ó wà ní ìdíkọ̀ tí ó kàn. Inú ẹ̀rọ méjèèjì ni a to àwọn irin kéékèèké kan sí, tí a fín orúkọ ìdíkọ̀ méjèèjì sí lára. Bí ọ̀gá ìdíkọ̀ ti ìhín bá fẹ́ rán ọkọ̀ lọ sí ọ̀hún, yóò lu agogo wáyà. Ti ọ̀hún yóò wo ojú irin rẹ̀, yóò rí i pé kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, yóò sì fèsì. Àyàfi bí ó bá fọwọ́ ti ẹ̀rọ tirẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ ìhín yóò tó tú irin kan sílẹ̀. Bí irin kan bá sì ti jáde, ìhín kò lè yọ òmíràn, ọ̀hún kò lè yọ òmíràn, títí a ó fi dá èyí tí ó jáde padà sínú ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì. Irin yìí, irin àṣẹ, ni awakọ̀ yóò gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ìdíkọ̀, yóò yẹ orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ wò, kí ó tó fọn fèrè. Bí kò bá rí i gbà, bí gómìnà ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, kò gbọdọ̀ ṣí.

Bí ọkọ̀ kò bá ní í dúró ní ìdíkọ̀ náà ńkọ́? A ó de irin àṣẹ náà mọ́ òrùka ńlá kan, ọkùnrin kan yóò sì dúró sí etí ojú irin gan-an, yóò na òrùka náà sókè. Ọkọ̀ yóò dẹ ìrìn, ẹni tí ń da èédú sí iná yóò na apá síta, yóò ki ọwọ́ bọ inú òrùka náà bí ó ti ń kọjá lọ, yóò sì ju ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún wọn. Bí ó bá tàsé, ọkọ̀ ní láti dúró kí wọ́n sáré lọ mú un wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ẹ̀wẹ̀, ẹnì kan yóò gun àkàbà òpó irin tí àmì wà lórí rẹ̀, yóò tan àtùpà kẹrosíìnì sẹ́yìn gíláàsì pupa àti gíláàsì àwọ̀ ewé, nítorí òru kò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí igbó. Gbogbo èyí ni wọ́n ń ṣe nígbà náà ní ìdíkọ̀ tí ó jẹ́ pé yàrá méjì àti pèpéle kan ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn àgbà ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀gá ìdíkọ̀ ni àgbà ọjà yìí. Òun ni ó mọ ibi tí ọkọ̀ wà. Òun ni ó ń sọ fún àwọn tí ń dúró bóyá ó pẹ́ tàbí ó ti kúrò ní ìdíkọ̀ ẹ̀yìn. Òun ni ojú rẹ̀ ń bẹ lára ẹni tí ó ru àgbàdo, lára aboyún, lára ọmọ ilé-ìwé tí ilẹ̀ ti ń ṣú mọ́. Mímọ̀, sísọ, ṣíṣọ́: iṣẹ́ mẹ́ta wọ̀nyí ni ìdíkọ̀ jẹ́. Òrùlé àti ògiri kàn ń bò wọ́n lórí ni. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé nígbà tí a bá ń kọ́ ìdíkọ̀ ní ayé òde òní, òrùlé àti ògiri ni a máa ń ṣí lójú agbo.

Kò sì yẹ kí a ro pé irin àṣẹ yẹn nìkan tó. Ó lè sọ pé kò sí ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà. Kò lè sọ pé ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ irin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957, omi òjò gbá ilẹ̀ lọ lábẹ́ irin ní ìhà Làlúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn, ọkọ̀ èrò bọ́ sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣègbé. Àwọn tí ń fẹsẹ̀ rin ojú irin láti yẹ̀ ẹ́ wò, tí ń di ìdè rẹ̀ tí ó tú, tí ń ṣan koríko etí rẹ̀, ara ìdíkọ̀ ni wọ́n jẹ́ bí a kò tilẹ̀ rí wọn lórí pèpéle. Nígbà tí ìyà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè wa, tí ó di pé ní 1988 a kéde pé ó ti wọ gbèsè dé ọrùn, irú àwọn ẹni wọ̀nyí ni ó kọ́kọ́ pòórá. Lẹ́yìn wọn ni àtùpà kú. Lẹ́yìn àtùpà ni koríko hù láàrin irin méjèèjì.

Wàyí o, a ní láti rìn jìnnà díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ kan wà tí ìdíkọ̀ tí kò ní òṣìṣẹ́ kankan ti di nǹkan ojoojúmọ́, tí ọkọ̀ sì ń dé síbẹ̀ lásìkò. Ilẹ̀ náà ni Japan. Àwọn ará Japan àti àwa jọ ní nǹkan kan tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìbú irin àtijọ́ wa àti ìbú irin tiwọn dọ́gba, mílímítà 1,067, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́ wọn láti to ti àkọ́kọ́ wọn láti Shimbashi sí Yokohama ní 1872, Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó sì to tiwa. Ní ọdún 1987 wọ́n pín ilé-iṣẹ́ rélùwéè ìjọba wọn sí ọ̀nà púpọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣí kúrò ní ìgbèríko, àwọn arúgbó ń kù, owó tíkẹ́ẹ̀tì kò sì tó san owó òṣìṣẹ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú òṣìṣẹ́ kúrò ní ìdíkọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì gbogbo ìdíkọ̀ ilẹ̀ náà tí kò ní ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ti ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Iṣẹ́ mímọ̀, wọ́n gbé e fún wáyà àti iná mànàmáná. Iná díẹ̀ ni wọ́n rán gba inú irin méjèèjì. Bí kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ bá ti gun orí wọn, ó so irin ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì, fìtílà kan á sì tàn nínú yàrá kan ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ díẹ̀ jókòó sí iwájú pátákó ńlá tí wọ́n ń rí gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń ti ibẹ̀ darí àmì àti ìkóríta irin. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Wọ́n gbé e fún awakọ̀. Ọkọ̀ náà lè má ju ẹyọ kan lọ. Èrò yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé, yóò sì fa ìwé pélébé kan jáde nínú ẹ̀rọ tí ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà kan ni ó wà lára ìwé náà, nọ́ńbà ìdíkọ̀ tí ó ti wọlé. Lókè orí awakọ̀ ni pátákó iná kan wà tí ó to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú owó tí olúkúlùkù yóò san. Bí ọkọ̀ bá sì ti ń kọjá ìdíkọ̀ kan ni owó ń gòkè. Ẹni tí ó fẹ́ sọ̀ yóò lọ sí iwájú, yóò ju ìwé rẹ̀ àti owó rẹ̀ sínú àpótí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ owó ńlá, ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí yóò ṣẹ́ ẹ fún un. Awakọ̀ yóò wò ó, yóò tẹrí ba, èrò yóò sì sọ̀ sí ìdíkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ìdíkọ̀ náà kò kú o. Inú ọkọ̀ ni ó ṣí sí.

Iṣẹ́ kẹta, ìyẹn ṣíṣọ́, ni ó le jù láti gbé fún ẹ̀rọ, mo sì rò pé àwọn ará Japan fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdíkọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Wakayama tí à ń pè ní Kishi. Ní 2006, nígbà tí ọ̀nà irin náà kù díẹ̀ kí wọ́n pa á tì, wọ́n mú òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kúrò. Ẹni tí ó ni ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ìdíkọ̀ náà ni ó ń bá wọn mójú tó o, ológbò rẹ̀ tí ń jẹ́ Tama a sì máa jókòó síbẹ̀; ní oṣù kìíní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ rélùwéè ibẹ̀ dé ológbò yìí ní fìlà, ó fi í joyè ọ̀gá ìdíkọ̀, àwọn ènìyàn sì ti ọ̀nà jíjìn wọ ọkọ̀ wá wò ó títí ó fi kú ní 2015. Owó èrò gbé ọ̀nà irin náà ró. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí a máa rántí ológbò nìkan, ṣùgbọ́n onísọ̀ ni èmi ń wò ní tèmi: aládùúgbò kan tí kò jẹ́ kí ibẹ̀ di ahoro. Ní Hokkaido ẹ̀wẹ̀, ní ìdíkọ̀ Kyu-Shirataki tí wọ́n ṣí ní 1947, ó kù díẹ̀ kí ó jẹ́ ọmọbìnrin ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ó ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Oṣù kẹta ọdún 2016 tí ó parí ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ ni wọ́n ti ibẹ̀ pa.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe gbà pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán lọ́dọ̀ wọn. Arọ tí ń lo kẹ̀kẹ́ kò lè dá gun ọkọ̀ láìsí ẹni tí yóò tẹ́ pákó fún un láàrin pèpéle àti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Níbi tí kò bá sì sí òṣìṣẹ́, ó ní láti kọ́kọ́ ránṣẹ́ kí wọ́n tó rán ẹnì kan wá bá a. Nítorí èyí ni àwọn aláàbọ̀ ara kan ní Oita fi pe ilé-iṣẹ́ rélùwéè JR Kyushu lẹ́jọ́ ní 2020, tí wọ́n ní òmìnira ìrìn àwọn ni a gbà lọ́wọ́ àwọn. Mo gbà pé òótọ́ ni wọ́n sọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ọdún 1987 kan náà tí àwọn ará Japan ń pín rélùwéè wọn ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í to irin tuntun láti Itakpe, níbi tí òkúta irin wà, gba Ajaokuta, lọ sí ìhà Warri, kí òkúta náà lè dé ilé-iṣẹ́ irin tí ó wà ní Aladja. Gbogbo gígùn rẹ̀ lé ní kìlómítà 300. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Igbó bò ó. Àwọn olè tú irin rẹ̀ lọ tà. Ìgbà tí àwọn ará China ti ilé-iṣẹ́ CCECC parí rẹ̀, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari sì ṣí i ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, ọmọ tí a bí ní ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Àwọn ìdíkọ̀ rẹ̀ tí ó bọ́ sí ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó ni a sọ ní orúkọ àwọn ọmọ ilẹ̀ náà: ti Agenebode ń jẹ́ George Innih, ti Uromi ń jẹ́ Anthony Enahoro, akọni tí ó gbé àbá òmìnira kalẹ̀ nílé ìgbìmọ̀ ní 1953, ti Ekehen ń jẹ́ Tom Ikimi, ti Igbanke sì ń jẹ́ Samuel Ogbemudia, gómìnà ológun ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-oòrùn láti 1967 sí 1975, ẹni tí ó tún fìgbà kan jẹ́ alábòójútó Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè fúnra rẹ̀.

Orúkọ ńlá ni wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n irin tí a tò fún òkúta kì í wá ènìyàn lọ. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú ni ó ń wá. Nítorí náà ni ìdíkọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà yìí kò fi sí láàrin ọjà, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó sọ̀ níbẹ̀ ní láti tún wá ọ̀kadà tàbí mọ́tò tí yóò gbé e dé ilé, tí ẹni tí yóò wọlé sì ní láti tètè dé, kí ó sì dúró pẹ́. Bí ìdíkọ̀ bá wà láàrin àdúgbò, ojú gbogbo àdúgbò ni ó ń ṣọ́ ọ, bí alákàrà ti ń wò, bí aránṣọ ti ń wò. Bí ó bá wà nínú igbó, ojú ta ni?

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ keje oṣù kìíní ọdún 2023, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, àwọn èrò tí ń lọ sí Warri jókòó ní ìdíkọ̀ Ekehen, wọ́n ń retí ọkọ̀. Àwọn agbébọn ti inú igbó yọ sí wọn, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn wọ igbó lọ. Iye tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó kọ́kọ́ kéde ni 32. Ilé-iṣẹ́ Rélùwéè ti ìdíkọ̀ náà pa. Ẹ rántí pé kò tíì pé ọdún kan nígbà náà tí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí sí ọkọ̀ Abuja sí Kaduna ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún 2022, tí a pa àwọn kan tí a sì kó àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ní ti Abuja, ọkọ̀ tí ń sáré ni wọ́n fi ohun ìjà dá dúró. Ní Ekehen, wọn kò fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá. Ìdúró àwọn èrò ni wọ́n wá bá.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ọ́. Kì í ṣe àìní òrùlé ni ó lanu ní Ekehen, ilé náà dára. Kì í sì ṣe pé a lè sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ síbẹ̀ ni àwọn ènìyàn búburú ìbá sá. Ohun tí mo ń wí ni pé iṣẹ́ ṣíṣọ́ kò ní ilé tí a gbé e sí. Àwọn ará Japan mú òṣìṣẹ́ kúrò, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó mú wọn kúrò ni wọ́n ti pín iṣẹ́ wọn: èyí fún wáyà, èyí fún awakọ̀, èyí fún àwọn ará àdúgbò, àti níbi tí wọn kò ti pín in dáadáa, bí ti àwọn arọ Oita, ẹjọ́ ni ó bí. Àwa ní tiwa, a kọ́ ilé, a sọ ọ́ lórúkọ, a gbé òṣìṣẹ́ díẹ̀ síbẹ̀, a kò sì bi ara wa pé ta ni yóò máa wo igbó nígbà tí àwọn wọ̀nyí bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ìdíkọ̀ àtijọ́ ní agogo wáyà tí ó lè lù kí ẹni tí ó wà ní ìdíkọ̀ kejì gbọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Ó ní ilé tirẹ̀ lẹ́yìn ìdíkọ̀, aya rẹ̀ ń dáná níbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣeré níbẹ̀. Nítorí náà, ìdíkọ̀ kì í ṣófo bí ọkọ̀ bá ti lọ. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni, kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń yọjú sí.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kí a ti àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké pa kí ewu lè tán. Ewu náà yóò kàn ṣí lọ sí ojú ọ̀nà mọ́tò ni, níbi tí ó ti ń bá wa jẹun láti ọjọ́ pípẹ́. Àgbẹ̀ Ekehen tí ó fẹ́ kó iṣu lọ sí Warri yóò sì padà sẹ́yìn akérò. Ìgbèríko ni rélùwéè ṣe lóore jù lọ nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá; ọ̀pọ̀ ìlú tí à ń bu ọlá fún lónìí, ẹ̀yìn ìdíkọ̀ kékeré ni ọjà wọn ti gbèrú. Bí ìdíkọ̀ Igbanke bá ní àwọn ìsọ̀ tí a kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a sì yá àwọn obìnrin ìlú ní owó kékeré, bí ilé òṣìṣẹ́ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, bí a bá ṣan igbó etí rẹ̀ jìnnà tó bí ojú ti lè ríran dé, bí iná bá ń tàn níbẹ̀ ní gbogbo òru, tí tẹlifóònù kan tí kì í kú sì so ó mọ́ àgọ́ ọlọ́pàá àti mọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀, ọjà yóò ṣọ́ ìdíkọ̀, ìdíkọ̀ yóò sì bọ́ ọjà. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú púpọ̀ sì sàn ju ìbọn kan lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbíní gan-an. Láti 2014 tí ìjọba àpapọ̀ ti fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú CCECC lórí irin tí yóò ti Èkó gba etí òkun lọ sí Calabar ni a ti kọ Ìbíní mọ́ àwọn ìlú tí yóò yà sí, pẹ̀lú Ṣàgámù, Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè. Bí ó bá di ọjọ́ tí irin náà yóò tọ ilẹ̀ wa wá, mo mọ̀ pé ìdíkọ̀ ńlá ni a ó kọ́ sí ìlú Ọmọ N'Ọba, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ àwọn tí ń ya àwòrán rẹ̀, àwọn aṣòfin wa ní Ẹ̀dó àti ní ilẹ̀ Yorùbá, àti àwọn baálẹ̀ abúlé tí irin yóò la oko wọn kọjá, ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú ìwé àwọn ìdíkọ̀ kéékèèké tí ó wà láàrin Òrè àti Ìbíní síwájú, kí wọ́n sì béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí a tó da símẹ́ńtì kankan sílẹ̀: ta ni yóò mọ ibi tí ọkọ̀ wà, ta ni yóò sọ fún èrò, ta ni yóò sì bá wọn dúró títí ọkọ̀ yóò fi dé?